Ọjọ́ tí Bàbá Mi Pè Mí Ní Àgbẹ̀

Ẹ̀rù ọjọ́ náà ni mo máa ń rántí ju ìrora lọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní ilé-iṣẹ́ gaàrí kan lẹ́yìn Ìlá ló mú ìka mi mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún. Dókítà ní bí n kò bá tètè rí iṣẹ́ abẹ ní Òṣogbo, gígé ni wọn yóò gé ìka náà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì o. Àìríṣẹ́ ló gbé mi dé ìdí ẹ̀gẹ́, mo sì ṣì ń retí ọjọ́ tí n ó fi ọwọ́ yẹn kọ nǹkan sójú pátákó.

Máníjà ilé-iṣẹ́ náà ní owó iṣẹ́ abẹ kò kan àwọn. Ó ní àgbẹ̀ ni mí, pé òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ nìkan ni àwọn ń tọ́jú bó bá farapa. Irọ́ burúkú. Lóòótọ́, wọ́n ní oko, wọ́n sì máa ń kó wa lọ fa ẹ̀gẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú kí ẹ̀rọ tó mú mi ni mo lọ gbẹ̀yìn. Ìyẹn ni máníjà dì mú gírígírí.

Ọkùnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún ìjọba wá gbọ́ tẹnu wa nílé. Ó ṣàlàyé pé òfin kò wo ẹ̀gẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí ló ń wò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ oko ni, máníjà jàre. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ilé-iṣẹ́ ni yóò gbé mi lọ fún iṣẹ́ abẹ.

Bàbá mi ló jókòó tì í. Nílé wa, bí àlejò bá béèrè ọ̀rọ̀, àgbà ló ń dáhùn, ọmọ kì í já lu ọ̀rọ̀ wọn. Bàbá mi kò sì ní ìdáhùn méjì bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iṣẹ́ àwa ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀ n'Ìbàdàn gan-an, àgbẹ̀ ni lẹ́nu wọn. Iṣu àti kòkó ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa, ohun tí wọ́n fi ń yangàn nìyẹn. Kí n bá wọn sọ ọ́ kí àlejò tó dé, mi ò rántí.

Ọkùnrin náà bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe.

"Àgbẹ̀ ni," bàbá mi dáhùn, ojú wọn ń dán. "Àgbẹ̀ ló bí mi, àgbẹ̀ ni mo bí."

Bíírò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé. Mo kúnlẹ̀, mo sì já lu ọ̀rọ̀ bàbá mi níwájú àlejò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ ọ́. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n gbà mí sí. Bàbá mi ò mọ̀."

Bàbá mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo rò pé wọn yóò lé mi jáde ni. Ọkùnrin náà dá bíírò dúró, ó bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ ta ni kí òun kọ.

Bàbá mi wo báńdéèjì ọwọ́ mi.

"Ẹ fagi lé tèmi," ni wọ́n wí. "Oko ò ṣe ọmọ mi báyìí rí."

Lọ́jọ́ kẹta, mọ́tò ilé-iṣẹ́ gbé mi lọ sí Òṣogbo. Ìka méjì ló yè.