Lẹ́tà Ńlá Tó Wà Lọ́wọ́ Ọ̀rẹ́ Mi

Yàrá tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ háyà ní Ìyànà Ìyẹsí kò jìnnà sí iléeṣẹ́ kan tó ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá búrẹ́dì. Òórùn tàdáwà àti ti ọ̀rá gbígbóná máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láti àárọ̀, títí tí ọbẹ̀ pàápàá á fi máa rùn bíi tàdáwà lẹ́nu wa. Iṣẹ́ ọnà àwòrán la jọ ń kọ́ ní polí, a sì ti wà lọ́dún ìkẹyìn. Iṣẹ́ àṣekágbá tí olùkọ́ wa gbé fún wa ni pé kí ẹni méjì-méjì ya gbogbo lẹ́tà ABD ní ìrísí tuntun, èyí tí a máa gbé sórí kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni lè máa fi kọ̀wé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, la bá pín in: ó mú lẹ́tà ńlá, èmi mú lẹ́tà kékeré.

Ọwọ́ rẹ̀ dáa, kí n má purọ́. Orí kádíbọọ̀dù ló ń ya tirẹ̀ sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àwo ìjẹun, kì í sì í lo rúlà. Ẹsẹ̀ R rẹ̀ nà síwájú bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Tó bá wá wo tèmi, á bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn tìẹ yìí ti yó jù. Jẹ́ kí wọ́n gbààwẹ̀ díẹ̀ ná." Mo ní kó jẹ́ kí n fi fóònù ya fótò tirẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. "Ta ló ń fi oyún han ayé? Jẹ́ kí n bí i ná."

Lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó ká àwọn kádíbọọ̀dù náà lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìjù, torí tábìlì ńlá wà níbẹ̀ tó lè fi tàdáwà kùn wọ́n lé. Tàdáwà tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ rà sí i ní Sango. Tírélà ló kọlù wọ́n. Kò dé ọsibítù láàyè. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, torí òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo dì mú nínú ẹkún yẹn ni àwọn lẹ́tà náà. Mo ń sọ fún ara mi pé, ó kéré tán, ọwọ́ rẹ̀ ò ní pa rẹ́. Àwọn tí kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí á máa fi kọ̀wé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo lọ sí Ìjù láti lọ gbà wọ́n. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì béèrè àwọn kádíbọọ̀dù.

"Dádì yín ti kó gbogbo ẹrù ẹ̀ sun lẹ́yìn ilé, ọmọ mi. Aṣọ ẹ̀, bàtà ẹ̀, gbogbo ìwé ẹ̀. A ò lè máa rí wọn." Ó wò mí. "Àbí nǹkan pàtàkì wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Bébà lásán ni."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ máa fojú rí bàtà ọmọ tó kú lójú rẹ̀? Kò kàn wá sí mi lọ́kàn rí pé iná yẹn á kan lẹ́tà wa. Mo gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Òjò ti rọ̀ sórí eérú náà, adìẹ sì ń tan ilẹ̀ níbẹ̀.

Olùkọ́ wa kẹ́dùn, lóòótọ́. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ó ní. "Ya lẹ́tà ńlá yẹn fúnra ẹ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra òwe yẹn. Mo gbìyànjú, mo yà á, mo pa á rẹ́ títí tí bébà fi ya. Ẹsẹ̀ R náà ò kúrò lójú mi, ṣùgbọ́n tí mo bá yà á, á kàn dúró gbagidi. Ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà kékeré nìkan ni mo kó fún olùkọ́. Wọ́n ṣàánú mi, wọ́n jẹ́ kí n yege. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ìtàn náà ló ń sọ pé ẹ̀yìn á dáa. Èmi ò tíì rí ẹ̀yìn náà. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ṣe máa ń pẹ́ láyé ju èèyàn fúnra rẹ̀ lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí àyájọ́ ọjọ́ ikú rẹ̀ bá ti pé lọ́dọọdún, mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pé kí n fi lẹ́tà wa kọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà ńlá tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ.