Irin Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ Lẹ́yìn Yàrá Ìyá Mi

Ẹ má bi mí bóyá mo gba Ṣàngó gbọ́. Wọ́n ti bi mí tó. Ohun tí mo mọ̀ nípa àrá, mo mọ̀ ọ́n dájú, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí ó tó sán lu ilé wa ní Ẹdẹ. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Tésàn rélùwéè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni mo ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà láti Ẹdẹ sí Òṣogbo, ìró kúkúrú, ìró gígùn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé. Ọ̀gá mi, ará Sàró kan, ní ìwé kan tí wọ́n ya ẹ̀rọ kékeré kan sí. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, láìsí wáyà kankan láàárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ń fọwọ́ ara wọn ṣe é nílé, pé eré ọwọ́dilẹ̀ ni. Mo ní bí ó bá jẹ́ eré ni, kí ló dé tí èmi náà ò ní ṣeré?

Mo gé ọparun, mo ká wáyà bàbà mọ́ ọn lára yípo bí ìyá mi ṣe máa ń ká òwú. Ọ̀gá mi fún mi ní ohun tí a ń fi sétí lára tẹlifóònù tó ti bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù, òkúta dúdú kan tó ń dán, tí ìwé náà ní òun ni ọkàn ẹ̀rọ. Mo wá a títí ó fi sú mi. Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá mi ń lé tìróò, tí mo rí èyí tí wọn kò tíì lọ̀ nínú igbá rẹ̀. Òkúta náà nìyẹn! Mo ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní díẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà fẹ́ máa lé tìróò ni? Máa lé e, bóyá obìnrin kan á tilẹ̀ wò ọ́."

Yàrá rẹ̀ ló sún mọ́ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé jù. Mo gun ọ̀pẹ náà, mo na wáyà láti orí rẹ̀ wá sórí òrùlé, mo sì mú un gba ojú fèrèsé ìyá mi wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi abẹ́rẹ́ kan òkúta tìróò yẹn, tí mo gbọ́ ìró. Ó kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni, mo gbọ́ ohun tó ń wí. Ọkọ̀ ojú omi kan ló wà níwájú Èkó, ó ń sọ pé òun ń dúró kí omi kún kí òun tó wọlé. Mo gbé e sí ìyá mi létí. Ó ní, "Ta ni wọ́n ń bá wí?" Mo ní kì í ṣe àwa. Ló bá rọra sọ̀rọ̀: "Jẹ́ ká dákẹ́ nígbà náà, kí wọ́n má gbọ́ wa." Bẹ́ẹ̀ la dákẹ́, tí a ń fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìwé náà kìlọ̀ o. Ó ní ẹni tó bá na wáyà sókè gbọ́dọ̀ ri irin mọ́lẹ̀, kí ó sì so wáyà mọ́ ọn, kí àrá lè rí ọ̀nà gbà wọ ilẹ̀ lọ bí ó bá sán. N kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo gbẹ́ ilẹ̀ jìn lẹ́yìn yàrá ìyá mi, mo ri irin gígùn kan sí i, mo da iyọ̀ àti èédú yí i ká kí ilẹ̀ ibẹ̀ má baà gbẹ, mo sì ń bu omi sí i láràárọ̀. Bí òjò bá ti ń ṣú, màá so wáyà òkè mọ́ ti ilẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá mi ti kú; ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ baálé ilé wa, ń wò mí. Láràárọ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ kí i, láràárọ̀ ló sì ń dá mi lóhùn, "Àwúre o." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irọ́ ni. Àgbà tèmi wà níbẹ̀, ó ń wo orí tó ń wọ́. Kò bi mí léèrè rárá. Ọjọ́ kan tí mo wà ní tésàn, ó hú irin mi, ó sọ ọ́ sí àkìtàn, ó ti ẹnu wáyà padà sínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì gbá ojú ibẹ̀ kó mọ́. Wáyà tó wà lókè, tó lè pa ènìyàn, kò fọwọ́ kàn án. Èyí tó ń ṣọ́ wa ló hú.

Òjò náà dé. Mo so wáyà mọ́ra bí mo ṣe máa ń ṣe, mo lọ síbi iṣẹ́. Láti tésàn ni mo ti gbọ́ tí àrá sán, n kò mọ̀ pé ilé wa ni. Ọlọ́run yọ ìyá mi, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú pẹ̀lú ìyálé rẹ̀, wọ́n jọ ń já kóró òwú. Ògiri yàrá rẹ̀ là sí méjì, iná mú koríko òrùlé, òjò ló pa á.

Ní Ẹdẹ nígbà náà, bí àrá bá sán lu ilé ẹni, wọn kì í kí ẹni kú ewu. Ohun tí o ṣe ni wọ́n ń bi ọ́. Kí ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tó dé ní ọjọ́ kejì, kí n sì tó padà sílé, àwọn Mọ́gbà, àgbà oníṣàngó, ti wá, wọ́n ti lọ. Wọ́n ti kó ewúrẹ́ ìyá mi, òwú rẹ̀, ìkòkò rẹ̀. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn. Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́. Ó ní òun lòun jí aṣọ òfì ìyálé òun tó sọnù lọ́dún tó kọjá, tí òun sì búra èké lé e lórí.

Háà! Ìyá mi? Obìnrin tí adìẹ aládìẹ yé sí yàrá rẹ̀, tó gbé ẹyin lọ bá ẹni tó ni adìẹ?

Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Mo fa wáyà, ó tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ jáde, kò sí irin nídìí rẹ̀. Mo pariwo, ta ló hú irin mi? Baálé kò tilẹ̀ dìde. "Èmi ni. Ta ló ń bomi rin irin? Ṣé o fẹ́ kó hù ni? Iyọ̀ àti èédú, nínú ilẹ̀ ilé bàbá rẹ! Ta lo fẹ́ pa?" Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Láti ọjọ́ náà n kò sinmi. Mo sọ ọ́ lọ́jà, mo sọ ọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí, mo sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní etí, pé irin ni, wáyà ni, ìyá mi kò jalè. Wọ́n á ní, "Akọ̀wé ti dé o," wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Ìyá mi á di ọwọ́ mi mú. "Dákẹ́ ọmọ mi. Mo jí i." Inú bí mi sí i ju bó ṣe bí mi sí baálé lọ. Mo bá a jà. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń ba ara yín lórúkọ jẹ́, tí èmi ń tún un ṣe!" Àwọn obìnrin ilé á ká aṣọ tí wọ́n sá bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀. Lọ́nà oko wa ní Awo, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé ẹrù tì í kí ó bá òun ṣọ́ ọ. Báyìí ló ṣe gbó, báyìí ló ṣe kú, wọ́n sì sin ín gẹ́gẹ́ bí olè.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyálé rẹ̀ pè mí sí yàrá. Arúgbó ni nígbà náà, kò ríran dáadáa mọ́.

"Ìyá rẹ kò jí aṣọ mi," ó ní. "Nígbà tí àwọn Mọ́gbà dé, baálé ń ròyìn irin, iyọ̀ àti èédú fún wọn. Wọ́n ti ní kí àwọn kan lọ mú ọ wá láti tésàn. Ẹni tó fi oògùn pe Ṣàngó níjà, o mọ̀ pé pípa ni wọ́n ń pa á. Olè kàn ń kó ẹrù sílẹ̀ ni. Kí wọ́n tó jáde ni ìyá rẹ ti kúnlẹ̀. Ó wojú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló jí i."

Ó tún ní:

"Gbogbo ìgbà tí o bá ń pariwo irin kiri ìlú, inú yàrá mi níbí ló ń sá wá. Ó ní wọ́n á gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì wá mú ọ."

Mo bi í pé kí ló dé tí ìyá mi kò sọ fún mi, kí n lè pa ẹnu mi mọ́.

"Ìwọ?" ó ní. "Ò bá lọ sọ ọ́."

Òótọ́ ni. Ǹ bá ti sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.