Bí A Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Wa Lé Àjẹmọ́nú Dókítà Lọ

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, èmi ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa, lójú ọ̀nà Ẹmùré. A kò ní dókítà. Bí aboyún bá ń rọbí tí ọ̀rọ̀ fẹ́ yíwọ́, Ìkẹ́rẹ́ ni a máa ń sáré gbé e lọ. Àwọn mìíràn kò débẹ̀. Orúkọ wọn ṣì wà lọ́kàn mi títí dòní.

Ìgbà tí ìjọba ní àwọn yóò máa fi àjẹmọ́nú kún owó oṣù dókítà tó bá gbà láti lọ sí ìgbèríko ni a tó rí Dókítà Káyọ̀dé. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì máa ń bẹ aláìsàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́. Kò fi bò fún mi rárá.

"Màmá, àjẹmọ́nú yìí ló gbé mi wá o. Ìyàwó mi lóyún. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi gba ilé, kí n lè mú un wá sọ́dọ̀ mi."

Mo fẹ́ràn òótọ́ ẹnu rẹ̀. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, aboyún kankan kò kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ni ìwé bá dé pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Adó, wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ìlú wa yẹ fún àjẹmọ́nú náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí èmi dá! Mo ní àlejò ń bọ̀, a kò gbọdọ̀ tẹ́. Mo kun ògiri ní ọ̀dà funfun. A yá jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a gbé e sẹ́yìn ilé. Àwọn obìnrin pọn omi kún táǹkì tó ti gbẹ tipẹ́, wọ́n sì fi ọkọ́ dí kòtò ojú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá dé, iná ń tàn, omi ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ, iyán àti ẹran ìgbẹ́ sì wà lórí tábìlì. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, wá yan dìde.

"Ulú wa kì í ṣe oko o! Kò sí ohun tí wọ́n ní l'Ádó tí a kò ní."

Ọ̀gá tó ṣáájú wọn rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé àjẹmọ́nú Dókítà. Wọ́n ní ìlú tó ní iná, tó ní omi, tó ní ọ̀nà kì í ṣe ìgbèríko.

Dókítà kàn ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí ni. Ojú tì mí, mo sunkún bí ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Adó, mo bá ọ̀gá náà ní ọ́fíìsì.

"Sà, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni iná yẹn. Orí la fi ru omi yẹn."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ìlú yín kì í ṣe oko?"

Mo kúnlẹ̀. "Oko ni, sà. Oko pátápátá ni."

Ìwé dé pé wọ́n ti dá àjẹmọ́nú náà padà. Dókítà tú àpótí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí akọ̀wé ka ìwé náà nípàdé ìlú, tó kà á dé "ìlú tó wà nínú oko, tí kò ní iná, tí kò ní omi", Bàbá Alága fò dìde.

"Ta ló lọ pe ulú wa ní oko l'Ádó?"

Kí n tó dìde, Dókítà ti dìde.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá wò ó títí, ìbínú sì ń rọ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ ulé nìkan ló lè pè é bẹ́ẹ̀," ó ní. "Jókòó, ọmọ wa."

Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ mi ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ wọn méjèèjì sí.