Ẹja Tí Mo Fi Ṣe Èèwọ̀

Odó mi dojú dé fún oṣù mẹ́ta gbáko, ọkọ mi sì sọ ọ́ di ìjókòó. Ká ní ìyá mi ṣì wà láyé ni, ì bá ti lé e kúrò lórí rẹ̀, torí a kì í jókòó sórí odó nílé wa. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tó yẹ kí n máa gún un kò lè gbé ọmọ odó.

Pupuru ni mò ń ṣe ní Omifunfun, Ore ni mo sì ti ń tà á. Apá ló ń ṣe pupuru. A ó rẹ ẹ̀gẹ́, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó rọ ọ́ ní róbótó, a ó sì gbé e sórí èéfín. Tó bá gbẹ, a ó ha ara rẹ̀ tó ti dúdú kúrò, a ó gún inú rẹ̀ tó funfun, a ó sì kù ú. Ọ̀kadà tí mo gùn bọ̀ láti Araromi-Obu ló yọ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sì fi apá òsì balẹ̀. Egungun kán. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dè é ní ọsibítù, mo wo apá náà, mo sunkún. Ó ti rù bí igi orógùn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n gba kámú, kí n máa jókòó ta káàdì ìpè. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Kò sí ohun tí káàdì ṣe mí, àmọ́ bí apá yẹn kò bá padà, iṣẹ́ tí ìyá mi kọ́ mi ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó máa ń gbé irin ní jímù kan ní Ore, ló gbé agolo ìyẹ̀fun kan wá. Ó ní àmínò ásíìdì ló ń jẹ́, pé òun làwọn ń pò mu kí ẹran ara àwọn lè tètè le. Mo tọ́ ọ wò. Ó korò bí ewúro. Inú mi dùn, torí ohun tó bá korò tó báyìí, oògùn gidi ni.

Mo bi í pé, "Kí ni èèwọ̀ rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò ní èèwọ̀."

Lẹ́yìn tó lọ, mo ronú sí i. Oògùn wo ni kò ní èèwọ̀? Ọmọdé ò mọ̀ ni. Bàbá mi máa ń sọ pé ohun tó bá dun èèyàn jù láti fi sílẹ̀ ló ń jẹ́ kí oògùn jẹ́. Ni mo bá fúnra mi gbé èèwọ̀ kalẹ̀: kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí ẹ̀wà. Apá òsì náà, mi ò gbọdọ̀ fi mú ohunkóhun, kí oògùn lè ráyè ṣiṣẹ́. Ọbẹ̀ lásán ni mo fi ń jẹ pupuru tí mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ ò rí nǹkan.

Ẹja mi kò ṣòfò ṣá. Ọkọ mi á jókòó sórí odó mi, á máa bá mi jẹ ẹ́. Á ní, "Ìyàwó, má ba èèwọ̀ jẹ́ o," á sì fa orí ẹja náà mu tónítóní.

Agolo tán, apá kò yí padà. Mo padà sí ọsibítù, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi eré ìmárale tọ́jú apá àti ẹsẹ̀. Ó fi tépù wọn apá mi, ó mi orí.

"Mà, kí lẹ̀ ń jẹ?"

Mo to gbogbo èèwọ̀ mi kalẹ̀ fún un. Mo tilẹ̀ ń yangàn. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, ohun tó wà nínú agolo yẹn, òun náà ló wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ṣe níbí dáa, ẹ lè máa mu ún díẹ̀, àmọ́ oúnjẹ ló ń ràn lọ́wọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ ń fi ṣíbí bù ú wọlé, ẹ sì ń fi igbá kó o jáde. Apá tí kò bá sì ṣiṣẹ́ kì í sanra."

Ojú tì mí. Mo bínú sí ara mi dé ilé, mo sì bínú sí ẹni tó ń jẹ ẹja mi. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, mo ní, "Láti òní lọ, èmi ni mo ni orí ẹja." Ọkọ mi wò ó bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà. Lẹ́yìn náà, ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó sì mú ẹyin tó wà nínú àwo tirẹ̀ lé e. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ láti ọjọ́ yìí, òun kàn ń fi àwàdà bò ó ni. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Mo rọ iyanrìn sínú ike omi, mo ń fi apá òsì gbé e láràárọ̀. Àkọ́kọ́, ìdajì ike ni. Nígbà tó yá, ike kún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́, mo fún aṣọ tí mo fọ̀. Àbúrò mi gbé agolo mìíràn wá, mo ń pò ó mu, mo sì ń fi ẹ̀wà lé e. Mi ò lè sọ èyí tó ṣe é nínú agolo, ẹja àti iyanrìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ ẹ̀wù mi ti ń fún mọ́ apá òsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi ti oko kòkó dé, ó fọ ọwọ́, ó lọ síbi tó máa ń jókòó sí. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó yọjú sí ilé ìdáná. Odó ti dúró, ìyẹ̀fun funfun wà létí rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ odó mú.

Ó ní, "Ìyàwó, ibo ni kí n wá jókòó sí?"

Mo ní, "Ilẹ̀ wà."

Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gún un.