Àgbò Ìyá Ràfíù jẹ ẹ̀fọ́ wa nílé ìkàwé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, eyín mi kan já bọ́ sínú ọgbà ilé ìkàwé lónìí, ẹ̀rín sì ń pa mí!

Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ tí òyìnbó ọ̀gá ilé ìkàwé ní kí gbogbo àdúgbò jọ máa gbin ẹ̀fọ́ sí. Òní la fẹ́ kọ́kọ́ já tẹ̀tẹ̀ wa. Mo gbé agbọ̀n débẹ̀, mo bá àgbò Ìyá Ràfíù, aládùúgbò mi, lórí ebè. Kò ṣẹ́ ewé kan kù!

Mo fi ẹ̀rúkọ́ gbá a lórí. Ni Ìyá Ràfíù bá yọ.

"Ìyá àgbà, àgbò Iléyá mi lẹ fẹ́ pa!"

"Orí tìẹ ló kàn tí mo máa fọ́!"

Ló bá fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí lẹ́nu. Èmi náà là á mọ́lẹ̀, mo gé etí ẹ̀ jẹ. Òyìnbó sáré wá là wá, àgbò kàn án nídìí, ó dojú bo ajílẹ̀.

Ó ní òun máa ti ọgbà náà pa. Tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ làwa méjèèjì fi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, àmọ́ àgbò yẹn ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́.

Bí òyìnbó ṣe wọlé báyìí, mo fa okùn àgbò, ó di ilé mi. Ìyá Ràfíù ń gbá ilẹ̀kùn mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀fọ́ gbogbo àdúgbò ló wà nínú ikùn àgbò yìí. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí o: ṣé kí n tú u sílẹ̀, àbí ká jẹ ẹ̀fọ́ wa níbi tó wà?