Ojú Ìwé Elépo
Àwọn ìwé akọ̀ròyìn kan tó ti dolóògbé, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ààrẹ, ni mò ń tò ní ilé ìkówèésí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí, tí òórùn epo fi jáde lára ọ̀kan.

Ní Kétu, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìwé àlòkù ni mo fi ń wé ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná tí ìyá mi ń dín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Daddy aládùúgbò wa, akọ̀ròyìn náà, tú tiwọn, wọ́n rí ìkọ̀wé ọwọ́ ara wọn lára ìwé tí mo fi wé e. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ló kó àwọn ìwé náà tà fún wa.

Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ìyá Ṣadé, ẹ dìde." Wọ́n yíjú sí mi. "Ṣadé, bá mi kó èyí tó kù délé, ká tò wọ́n."

Mo rò pé ìyà ni, àṣé iṣẹ́ tó ń bọ́ mi lónìí ni.

Mo fi ojú ìwé elépo náà sípò rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.