Òjò Da Bàtà Ìjọ Pọ̀ ní Nombakélé

Bí fíríìjì rẹ bá kọ̀ tí kò tutù ní ọjà Mont-Bouët, Ayọ̀dé ni wọn yóò júwe fún ọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ Nàìjíríà yìí ti lò ní Libreville, olú ìlú Gabon, kì í sì í fi àkókò ṣòfò: èyí tó bá ti kú, á ní ó ti kú, èyí tó ṣeé tún ṣe, á tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnu ara rẹ̀ nìkan ni kò rí tún ṣe.

Ẹnu náà ló fẹ́ tú ìjọ aláṣọ funfun wọn tó wà ní Nombakélé ká. Barthélemy, káfíńtà ọmọ Kétu ní Benin tó kan gbogbo bẹ́ǹṣì ìjọ, ní kí àwọn Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin bíi tirẹ̀, náà máa darí àdúrà. Ayọ̀dé, tó jẹ́ àgbà ìjọ, ní, "Ìwọ gbájú mọ́ pákó rẹ." Láti ọjọ́ náà, bàtà tí wọ́n ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà pàápàá pín: ti ará Nàìjíríà lọ́tùn-ún, ti ará Benin lósì. Wọ́n ní tó bá di Sọ́ńdè tó ń bọ̀, àwọn Nàgó yóò lọ dá tiwọn sílẹ̀.

Ayọ̀dé ṣírò ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ìdajì ìjọ, àti Barthélemy tó ti ń bá a jẹun láti ọdún mọ́kànlá. Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àgbà wo ló ń bẹ àbúrò?

Sọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ fi jọ sìn kẹ́yìn, ìwàásù ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí òjò dé. Kí a tó wí, omi ti ń kó bàtà lọ sí gọ́tà. Ayọ̀dé sáré jáde; Barthélemy tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí tó ń lọ yẹn."

"Ti ta ni?"

"Ṣé omi béèrè ìlú ẹni? Ẹ ṣáà mú un."

Nígbà tí òjò dá, gbogbo bàtà ti di òkìtì kan ṣoṣo, ẹrẹ̀ sì ti bo sùtánà àwọn méjèèjì dé orókún. Ayọ̀dé ṣí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ̀ wọ́n. Ó kan èyí tí àtè tí káfíńtà fi ń lẹ pákó ti gan mọ́ lára. Ó mọ ẹni tó ni ín. Ó fọ̀ ọ́, ó fi etí sùtánà nù ún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ Barthélemy.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, mo jẹ̀bi. Dárí jì mí."

Barthélemy fà á dìde. "Àtè yẹn ò lè kúrò o. Mo ti gbìyànjú."

Sọ́ńdè kejì, kò sí Nàgó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Barthélemy ló darí àdúrà. Ó gùn. Ayọ̀dé wo aago lẹ́ẹ̀mejì, àmín rẹ̀ ló sì ròkè jù.